Ọmọ Mi Wà Nínú Diet

Ilé ìdáná ilé ìwòsàn kan ní Marietta, ní Amẹ́ríkà, ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Èmi kọ́ ni mò ń se oúnjẹ. Iṣẹ́ tèmi ni pé kí n wo káàdì tó wà lórí tíréè kọ̀ọ̀kan, kí n wo oúnjẹ tó wà lórí tíréè náà, kí n sì rí i pé àwọn méjèèjì bára mu kí tíréè tó kúrò níwájú mi. Orí káàdì yẹn ni wọ́n máa ń kọ ọ́ sí gàdàgbà: Diet. Ẹni tí ọkàn ń dà láàmú, Diet tirẹ̀ kò gbọdọ̀ ní iyọ̀. Ẹni tí wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún, Diet tirẹ̀ kò ju omi ẹran tí wọ́n sẹ́ kedere lọ. Ọdún kẹsàn-án rèé tí mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yẹn ní àìmọye ìgbà lójúmọ́, kò sì tíì sí ọjọ́ kan tó ní ìtumọ̀ mìíràn. Mo sọ èyí ṣáájú, kí ẹni tó bá fẹ́ fi mí rẹ́rìn-ín lè mọ ibi tí mo ti bẹ̀rẹ̀.

Ọmọ kan ṣoṣo ni Ọlọ́run fún wa, obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Nọ́ọ̀sì ni ìyá rẹ̀, alẹ́ ni shift tirẹ̀, òwúrọ̀ ló máa ń sùn, nítorí náà èmi ni mò ń bójú tó ọmọ láàárọ̀. Ìyàwó mi ní kì í ṣe pé mò ń bójú tó o, pé ńṣe ni mò ń yẹ̀ ẹ́ wò bí ẹni pé wọ́n fẹ́ rà á. N kò bá a jiyàn.

Lọ́dún tó kọjá, ọmọ náà wúkọ́ lẹ́ẹ̀mẹta kó tó wọ bọ́ọ̀sì ilé ìwé. Mo kà á. Mo wa ọkọ̀ tẹ̀ lé bọ́ọ̀sì náà pẹ̀lú oògùn ikọ́, ṣíbí kan àti súwẹ́tà. Nígbà tí mo dé ẹnu ọ̀nà kíláàsì rẹ̀, ó ti wà níwájú gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀, ó ń ka ohun tó kọ fún wọn. Mo ń wò ó láti ojú gíláàsì títí tíṣà fi ṣílẹ̀kùn fún mi. Mo wọn ṣíbí kan àbọ̀ fún un níbẹ̀, nítorí ohun tí wọ́n kọ sára ìgò nìyẹn. Odindi ọjọ́ mọ́kànlá ni kò fi bá mi sọ ju "yes, sir" àti "no, sir" lọ.

Ní ọjọ́ kejìlá, mo kọ ìwé kan: "Èmi, bàbá ọmọ yìí, kò ní yọjú sí ilé ìwé rẹ̀ mọ́, àyàfi tí ilé ìwé fúnra rẹ̀ bá pè mí." Mo buwọ́ lù ú, ìyá rẹ̀ ṣe ẹlẹ́rìí, ọmọ náà sì fi mágínẹ́ẹ̀tì tó dà bí ọ̀pẹ̀ òyìnbó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara fìríìjì. Ó ní constitution ilé wa nìyẹn. Láti ìgbà náà ló ti tún ń bá mi sọ̀rọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó máa ń wo fìríìjì kó tó sọ ọ́.

Ọjọ́ Mọ́ńdè kan ló ti ilé ìwé dé, tó ju báàgì sílẹ̀, tó sọ pé, "Daddy, mo wà nínú Diet."

Mo gbé ṣíbí ọbẹ̀ kalẹ̀. "Ta ló fi ọ́ sí i?"

"Kíláàsì wa ló dìbò."

"Wọ́n dìbò lórí ara rẹ?"

"Gbogbo wa la wà níbẹ̀ now. Diet ti Japan ni. Títí di Friday ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀." Ó ti wọ yàrá lọ.

Mo tẹ Diet àti Japan sínú fóònù pọ̀. Ohun tí mo rí nìyí: ìrẹsì inú abọ́ tí kò tóbi ju ìkúùkù lọ, ẹja tí a kò sè, àti ewéko inú òkun. Wọ́n tún ní àwọn àgbà ibẹ̀ máa ń sọ pé kéèyàn dá ọwọ́ dúró nígbà tí ikùn bá ti kún dé ìdá mẹ́jọ nínú mẹ́wàá. Mo ka ìyẹn lẹ́ẹ̀mejì. Níbo ni ìdá méjì yòókù ń gbà lọ? Ní ilé tí wọ́n bí mi sí, ìdá mẹ́wàá lèèyàn ń jẹ, ìyá àgbà á sì fi ẹran ṣe ìkọkànlá.

Mo sọ fún ìyàwó mi nígbà tó ń wọ bàtà iṣẹ́. Ó ní, "Ṣé ó ní kí ẹ bá òun ṣe nǹkan kan?"

"Rárá."

"Ẹ fi ọmọ lọ́rùn sílẹ̀ o, Daddy."

Mo gbìyànjú. Ṣùgbọ́n mo ronú pé tí ilé ìwé bá ti fi ọmọ sórí Diet, ó sàn kí n mọ bí wọ́n ṣe ń sè é, kó má baà lọ jẹ ẹ̀yà tí kò dára. Ní ọjọ́ Sátidé mo wakọ̀ lọ sí Buford Highway, níbi tí àwọn ará Éṣíà ti ń tajà, mo ra ìrẹsì wọn, mo ra ẹja wẹ́wẹ́, mo sì ra ewéko òkun gbígbẹ tó dà bíi bébà dúdú. Mo fi ìwọ̀n wọn ohun gbogbo. Mo se ẹja náà o. Ibẹ̀ ni n kò ti lè bá wọn dé òpin.

Ọmọ náà wo abọ́. Ó wò mí. "Daddy, ṣé nítorí Diet lẹ ṣe ṣe èyí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Ojú rẹ̀ pọ́n. Ó dìde, ó dì mọ́ mi. "Mo rò pé ẹ máa máa dààmú ni."

"Èmi? Kí ni mo fẹ́ máa dààmú fún?"

Alẹ́ ọjọ́ yẹn ló bá mi sọ̀rọ̀ jù láti ọdún kan. Ó fi ẹ̀yìn ṣíbí ń yí ẹja náà kiri, ó ń ṣàlàyé. Ó ní, "Ṣé ẹ mọ̀ pé lẹ́yìn ogun ni àwọn obìnrin Japan ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ Diet? Before that, wọn ò gbà wọ́n láyè rárá."

Èyí yé mi dáadáa. Mo ní, "Kò sí oúnjẹ nígbà ogun. Ìyá àgbà sọ fún wa pé nígbà ogun àgbáyé kejì, iyọ̀ pàápàá di góòlù nílé wa."

Ó mi orí, ó ní òótọ́ ni, ebi pa wọ́n gan-an lẹ́yìn ogun. Lẹ́yìn náà ló sọ pé, "Èmi, alátakò ni mí."

"Ta lẹ ń ta kò?"

"Àwọn tó ń ṣèjọba. Láti ayébáyé ni wọ́n ti wà níbẹ̀. Àwọn kan náà ṣáá. Ẹ yọ ọ̀kan, òmíràn láàárín wọn jókòó."

Nínú ilé yìí, èmi àti ìyá rẹ̀ nìkan ni mo mọ̀ pé a ń ṣèjọba láti ayébáyé, tí ọ̀kan bá lọ síbi iṣẹ́, èkejì á jókòó. Mo wo abọ́ rẹ̀. Kò jẹ tó ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá.

Ọjọ́ kejì ni ìrìn náà bẹ̀rẹ̀. Láti ẹnu ọ̀nà yàrá rẹ̀ dé ilé ìdáná jẹ́ ìṣísẹ̀ mẹ́rìnlá, ọmọ náà sì máa ń sáré kọjá níbẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn mo rí i tó gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún, tó fi í dúró sínú afẹ́fẹ́, tó sọ ọ́ kalẹ̀ pẹ̀lẹ́, tó sinmi, kó tó máa wá òsì kiri. Mo wo aago. Ìṣẹ́jú mẹ́rin àti ìṣẹ́jú àáyá mẹ́fà. Ní ọjọ́ Túsìdeè, ìṣẹ́jú márùn-ún. Ọjọ́ Tọ́sìdeè, ó lo ìṣẹ́jú méje kó tó dé ìdí omi, ó sì yíjú sí mi, ó rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ẹni tó gba ẹ̀bùn. Ní ilé ìwòsàn, mo ti rí ẹni tó rìn báyẹn. Ọjọ́ mẹ́rin ni wọn ò ti fún un lóúnjẹ.

Ìrọ̀lẹ́ Tọ́sìdeè kan náà ni mo gbọ́ ọ lórí fóònù, tó ń bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì. Ẹnu ọ̀nà ni mo dúró sí, nítorí pé ibẹ̀ ni aṣọ tí mò ń ká wà. Ó ní, "Diet yìí fẹ́ pa mí. Ẹ rántí, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ juwọ́ sílẹ̀ ṣáájú kí aago tó lù. Tí ẹnì kan bá ti yára, a ti kú."

Mo ká aṣọ kan náà lẹ́ẹ̀mẹrin.

Ní àárọ̀ Friday, kò fọwọ́ kan oúnjẹ. Mo dúró sójú fèrèsé, mo rí i tó ń lọ sídìí bọ́ọ̀sì bí ẹni tó ń wọ́ òkúta. Awakọ̀ náà fun fèrè lẹ́ẹ̀mejì. Ó ṣì ń gbé ẹsẹ̀ sókè.

Ìwé ara fìríìjì ń wò mí, èmi náà ń wò ó. Mo mọ ohun tí màá pàdánù. Ọjọ́ mọ́kànlá ni ṣíbí kan àbọ̀ gbà, kí wá ni odindi kúlà oúnjẹ máa gbà? Ṣùgbọ́n ọmọ tó bá ti ṣubú kò lè bínú síni. Mo din dòdò, mo se ìrẹsì, mo fi adìyẹ mẹ́jọ sí i, mo sì gbé kúlà tó tóbi jù, nítorí pé ó ní gbogbo wọn ló wà nínú Diet náà.

Ọ̀nà dí, bó ṣe máa ń dí; ọ̀sán ti ń lọ kí n tó débẹ̀. Obìnrin tó wà ní ọ́fíìsì ilé ìwé gbé ìwé àlejò síwájú mi. Mo kọ orúkọ, mo kọ àkókò, mo wá dé ibi tí wọ́n ti béèrè ìdí tí mo fi wá. N kì í parọ́ sínú ìwé. Mo kọ ọ́: Diet.

Ojú obìnrin náà dán. "Diet? Yàrá ìkàwé lẹ máa lọ, òpin ọ̀ọ̀dẹ̀. Ẹ ti pẹ́ díẹ̀, wọ́n ti ń dìbò. Ẹ̀yin ni òbí kẹta tó dé. Ṣé lẹ́tà tí a fi pè yín tètè dé ọwọ́ yín?"

"Lẹ́tà wo?"

Ó fi ọ̀kan hàn mí. Bébà aláwọ̀ yẹ́lò ni, wọ́n ti fi fún gbogbo ọmọ kí wọ́n fún òbí wọn. Ó ti lé ní ọ̀sẹ̀ kan. Ọmọ mi kò fún mi. Mo gbé kúlà mi, mo ń lọ, ó sì wúwo ju bó ṣe wà nígbà tí mo wọlé.

Ìran tí mo bá nínú yàrá ìkàwé, n kò tíì rí irú rẹ̀ rí. Àwọn ọmọ kan jókòó lápá kan, wọ́n wọ kóòtù bí alàgbà ṣọ́ọ̀ṣì. Tíṣà wọn, obìnrin kan tó wọ aṣọ dúdú balẹ̀, jókòó sórí àga gíga pẹ̀lú òòlù pákó kékeré lọ́wọ́. Òbí méjì jókòó lẹ́yìn, wọ́n ń fi fóònù yà wọ́n. Láàárín yàrá náà, ọmọ mẹ́fà tò tẹ̀ léra wọn, ọ̀kọ̀ọ̀kan mú páálí búlúù dání, wọ́n ń lọ síbi àpótí kan, wọ́n sì ń rìn bíi pé atẹ́gùn ló gbé wọn ró. Ọmọ mi ló kẹ́yìn. Gbogbo wọn ni wọ́n ti febi pa.

Mo rìn lọ síwájú, mo sọ fún tíṣà náà ní Gẹ̀ẹ́sì mi tó dára jù lọ pé, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ó yẹ kí àwọn ọmọ yìí jẹun ná."

Kò rẹ́rìn-ín. Ó lu òòlù. "Alága kò dá ọkùnrin yìí mọ̀."

"Ẹ ò lè dá mi mọ̀. Èmi ni bàbá ẹni tó kẹ́yìn."

Ọmọbìnrin gíga kan tó wọ kóòtù bàbá rẹ̀ dìde láti apá kejì. Òun ni olórí ìjọba wọn, mo padà mọ̀. "Alága, alátakò tó kẹ́yìn ti dúró. Òfin sọ pé ẹni tó bá dúró ti pàdánù ìbò rẹ̀."

Òótọ́ ni. Ọmọ mi ti dúró gbagidi. Ó ń wò mí. Mo mọ ojú yẹn, ojú ṣíbí kan àbọ̀ ni. Mo fẹ́ kí ilẹ̀ gbé èmi àti kúlà mì.

Tíṣà gbé bébà òfin sókè. "Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dúró lójú ọ̀nà," ó kà, "àyàfi láti tẹrí ba fún ẹni tó yẹ." Ó wo aago ara ògiri. Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́rin kí aago ìparí ilé ìwé lù.

Ọmọ mi náà wo aago. Ó wò mí. Lẹ́yìn náà, pẹ̀lú ìrìn kan náà tó ti ń kọ́ láti ọjọ́ yìí, orúnkún ọ̀tún lọ sílẹ̀, ó sinmi, orúnkún òsì lọ sílẹ̀. Ó kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀.

"Ẹ káàsán, sà."

Ọmọ tó máa ń sọ pé "Hi, Daddy" pẹ̀lú orí nínú báàgì. Mo ní, "Káàsán, ọmọ mi."

"Ẹ káàbọ̀, sà. Ẹ kú ọ̀nà."

"O ṣeun. Ọ̀nà dí díẹ̀."

Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Daddy, ẹ má ní kí n dìde."

Ọ̀rọ̀ yẹn nìkan ló yé mi nínú gbogbo ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ó sì tó. Ní tiwa, ọmọ tó kúnlẹ̀ kò ní dìde títí àgbà á fi dá a lóhùn tán. Wọn ò sì tíì sọ fún ẹnikẹ́ni rí ìgbà tó yẹ kí àgbà dáhùn tán.

"Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, sà," ó ní. Àárọ̀ yẹn la rí ara wa kẹ́yìn.

"Ọjọ́ kan pẹ̀lú."

"Ẹ kú ìjókòó." Orí ìdúró ni mo wà. "Ẹ kú iṣẹ́. Ẹ kú òtútù. Ẹ kú ìnáwó." Ó ń wá a nínú orí rẹ̀ bí ẹni tó ń wá kọ́kọ́rọ́. Ohùn rẹ̀ ń gòkè níbi tó yẹ kó sọ̀kalẹ̀, n kò sì tún un ṣe, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn. "Ẹ kú ọdún. Ẹ kú... ẹ kú ewu ọmọ."

Kò sí ẹni tó bímọ. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni wọ́n ti kí mi báyẹn kẹ́yìn, nítorí tirẹ̀ ni. Mo ní, "A dúpẹ́ o. Ewu iná kì í pa àwòdì."

Olórí ìjọba ní, "Alága, kí ni wọ́n ń sọ?"

"Wọ́n ń kíra wọn," ni tíṣà sọ. Ó ń yẹ bébà òfin wò níwájú àti lẹ́yìn. "Kò sí ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí bí ìtẹríba ṣe gbọ́dọ̀ gùn tó."

Ìkíni tán lẹ́nu ọmọ mi. Ó wò mí bí ẹni tí epo tán nínú ọkọ̀ rẹ̀ lójú expressway. Ó ṣì ku ìṣẹ́jú kan àti ìṣẹ́jú àáyá ogójì. Mo gbé kúlà kalẹ̀, mo gbé ọwọ́ lé e lórí, mo bẹ̀rẹ̀ àdúrà. Ẹni tó bá mọ ṣọ́ọ̀ṣì wa yóò mọ̀ pé ìṣẹ́jú kan àti ogójì kò tó fún wa láti fi kan ilẹ̀kùn. Mo ní yóò dàgbà, yóò dògbó. Mo ní kò ní ṣáìsàn, kò ní wúkọ́. Mo ní bó ti ń rìn yìí, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ní gbé e dé ibi tí kò yẹ. Ní gbólóhùn kẹta, àwọn alátakò márùn-ún yòókù ti mọ ibi tí wọ́n ti ń wí àmín, láìdá ìrìn dúró. Mo ti ń lọ sórí ọkọ tí yóò fẹ́ nígbà tí aago lù.

Tíṣà lu òòlù. Ìjókòó ti parí, ìbò kò pé, àbá náà ti kú. Àwọn alátakò hó. Ọmọ mi ṣì kúnlẹ̀.

"Dìde," mo ní.

Ẹgbẹ́ méjèèjì ló jẹ oúnjẹ náà, ní ọ̀ọ̀dẹ̀, nítorí wọn kì í jẹun ní yàrá ìkàwé. Olórí ìjọba jẹ itan adìyẹ méjì. Ibẹ̀ ni tíṣà ti ṣàlàyé fún mi pé Diet ni wọ́n ń pe ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Japan ní Gẹ̀ẹ́sì. Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, mà," bí ẹni tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀.

Nínú ọkọ̀, bí a ṣe kọjá iná kejì, ọmọ mi yíjú sí mi.

"Daddy, kí lẹ wá ṣe gan-an?"

"Mo rò pé ebi ń pa ọ́ ni."

Ó ronú sí i. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín mú un, tó ń fi orí lu dáṣíbọ́ọ̀dù. "Ìrẹsì yẹn. Ewé dúdú yẹn. Daddy."

Nígbà tó mí, ó ṣàlàyé. Ó ní ìrìn màlúù ni wọ́n ń pe ìrìn yẹn, pé àwọn alátakò Japan gidi máa ń ṣe é, àgbà ọkùnrin àti obìnrin nínú kóòtù, kí ìbò lè pẹ́. Èyí kò yà mí lẹ́nu. Ní ìlú wa, tí màlúù bá ń kọjá títì, gómìnà pàápàá á dúró. Ó ní lẹ́yìn ogun, wọ́n kọ ọ́ sínú òfin tuntun pé àwọn kò ní jagun mọ́ láéláé. Àwọn ará ibẹ̀ ń gbé gbólóhùn yẹn bí ẹyin, ìjọba sì fẹ́ tún un kọ. Àbá tí wọ́n fi ìrìn pa lónìí nìyẹn.

"Kí ló dé tí o kò fún mi ní lẹ́tà?" mo ní.

Ó mú un jáde láti ìsàlẹ̀ báàgì. Ó ti rún bí ewé. "Nítorí ṣíbí yẹn," ó ní.

Mo ní, "Mo rú òfin."

"Ẹ rú u. Ṣùgbọ́n ilé ìwé pè yín. Èmi ni mi ò jẹ́ kí ẹ mọ̀." Ó wo ìta. "Àwa méjèèjì la rú u."

Nígbà tí a délé, ó yọ ìwé ara fìríìjì, ó sì kọ àtúnṣe sísàlẹ̀ rẹ̀: "Daddy lè wá tí ọmọ bá pè é. Kúlà á dúró nínú ọkọ̀ títí wọ́n á fi ní kó wọlé. Ṣíbí kò gbọdọ̀ wá." Ó ní wọ́n kì í fi ẹnu lásán tún òfin ṣe ní Japan, ìdá méjì nínú mẹ́ta ló gbọ́dọ̀ gbà. Ẹni mẹ́ta ni wá. Ìdá méjì nínú mẹ́ta jẹ́ ẹni méjì gééré. Ó gé páálí, funfun fún ẹni tó bá gbà, búlúù fún ẹni tó bá kọ̀, ó sì lọ jí ìyá rẹ̀.

Mo lẹ funfun tèmi láàárín ìṣẹ́jú àáyá méjì. Ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà yàrá rẹ̀. N kò mọ àwọ̀ tó mú dání, ó gbé e sẹ́yìn. Ìṣísẹ̀ mẹ́rìnlá. Mo wo aago, mo wo orúnkún rẹ̀, ó ń sinmi láàárín ẹsẹ̀ kan àti èkejì bí ẹni tó ní gbogbo ọjọ́. N kò sọ fún un pé kó yára. Ìṣẹ́jú mẹ́jọ àti ìṣẹ́jú àáyá mẹ́tàlá, ó dé ìdí fìríìjì, ó sì lẹ funfun.

Àbá ti wọlé, kò yẹ kí ìyàwó mi rìn mọ́. Ó rìn. Ó wá pẹ̀lú ojú tó dì, nínú aṣọ ìsùn, ó ń wọ́ ẹsẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí n kò lè sọ bóyá ìrìn màlúù ni tàbí oorun. Ó fọwọ́ wá mágínẹ́ẹ̀tì, ó lẹ búlúù.

"Ẹnì kan gbọ́dọ̀ ṣe alátakò," ó ní, ó sì padà lọ sùn.